Ṣáàjì Pé, Agbára Dín: Òfò Inú Kapásítọ̀

Kapásítọ̀ máa ń tọ́jú agbára iná mànàmáná sáàárín àwo irin méjì tí a fi ohun tí iná kò lè gbà kọjá là láàárín. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ni ìgò Leyden, tí von Kleist ṣe ní 1745, tí Musschenbroek náà sì ṣe tirẹ̀ ní ìlú Leiden ní 1746. Ohun tó yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò ni bí agbára yìí ṣe ń dín kù, àti ohun tó ń fà á.

Ká mú kapásítọ̀ 1000 máíkírófárádì tó gba iná dé fóltì 20. Agbára inú rẹ̀ jẹ́ júùlù 0.2. Bí a bá fi rẹsísítọ̀ 1000 óòmù so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, fóltì yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 7.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kò ní tó fóltì 0.2. Fóltì tó kù ló ń ti iná jáde. Bó ṣe ń rẹlẹ̀ ni ìṣàn ń falẹ̀. Agbára ní tirẹ̀ yára lọ jù bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ̀n fóltì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ló ń bá rìn. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn, fóltì tó kù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Agbára tó kù kò tó ìdá kan nínú méje.

Òfò kejì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ láti gbà. Bí a bá so kapásítọ̀ náà, nígbà tó ṣì wà ní fóltì 20, mọ́ òmíràn tó bá a dọ́gba, tí kò ní iná nínú, ṣáàjì, ìyẹn iye iná tó wà nínú rẹ̀, yóò pín sí méjì láìdín: fóltì 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, àpapọ̀ agbára wọn kò ju júùlù 0.1 lọ. Ìdajì ti lọ. Èèyàn lè di ẹ̀bi ru wáyà, ṣùgbọ́n ìṣirò dá a láre. Wáyà tín-ín-rín ń sọ agbára náà di ooru díẹ̀díẹ̀. Èyí tó nípọn ń jẹ́ kí iná ta pàrà, kí apá kan sì di ìgbì rédíò. Ọ̀nà òfò yàtọ̀, iye rẹ̀ kò yàtọ̀.

Àlàfo tó wà láàárín fóltì olùfúnni àti ti olùgbà ni orísun òfò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá gba iná sí kapásítọ̀ ní ìpele méjì tó dọ́gba, dípò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, òfò yóò dín sí ìdajì. Ìpele mẹ́wàá yóò dín in sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìkánjú ló ń náni lówó jù.

Agbára náà kò parẹ́ láyé. Ó di ooru tó fọ́n ká, tí ẹnikẹ́ni kò lè kó jọ tán mọ́. Èyí tó dunni jù ni pé ẹni tó bá ka ṣáàjì nìkan yóò bá a pé pérépéré. Kò sì rọrùn láti ṣọ̀fọ̀ ohun tí ìṣirò ẹni sọ pé ó pé.