Ìtàn Ìtọ́jú Ilẹ̀kùn Ọkàn Tí Ó Há

Láàrin ọkàn àti iṣan ńlá tí ń pín ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara, ilẹ̀kùn kan wà. Ọjọ́ ogbó a máa mú ohun líle bí ẹfun lẹ̀ mọ́ ọn. A bí àwọn mìíràn pẹ̀lú awẹ́ ilẹ̀kùn méjì dípò mẹ́ta. Ibà làkúrègbé tí í tẹ̀lé ọ̀fun dídùn a sì máa bà á jẹ́. Bí ó bá há, agbára káká ni ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, títí ògiri rẹ̀ yóò fi nípọn, tí yóò sì rẹ̀ ẹ́.

Ní 1912, Théodore Tuffier, oníṣẹ́-abẹ ní Paris, fi ìka ti ògiri iṣan náà wọnú kí ilẹ̀kùn tí ó há lè gbòòrò. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gba iṣẹ́ ọkàn ṣe ti dé, Dwight Harken fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀ ní Boston ní 1960. Ní 1968, John Ross àti Eugene Braunwald fi hàn pé láìsí iṣẹ́ abẹ, ẹni tí àyà ń dùn ní bí ọdún 5 láti lò. Ẹni tí ń dákú, 3. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, 2. Ní 2002, Alain Cribier gbé ilẹ̀kùn tuntun gba inú iṣan itan dé ọkàn aláìsàn kan ní Rouen, láìla àyà.

Títí di òní, egbògi àmumu kò lè ṣí ilẹ̀kùn yìí. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá ń mí hẹlẹ, tí òòyì sì ń gbé e ṣubú, kí á má ṣe pè é ní ogbó lásán.