Ojú, Ahọ́n àti Ògbufọ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ẹ̀rọ Sídì Àlòkù

Àwọn àgbà onímọ̀ èdè ti ṣe tiwọn. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá kìíní, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ohun ìmọ̀ lórúkọ. Ní 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ìkejì. Àmọ́ gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló jẹ wọ́n lógún. Ẹni tó fẹ́ fi owó kékeré ra ẹ̀rọ sídì kò sí nínú àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọjà yìí nílò ọ̀rọ̀. Láti 1982 tí Sony àti Philips ti gbé sídì jáde, àwo jùjú, fújì àti orin ìjọ ti kún ilé, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, títí dé Èmùré. Bí ẹ̀rọ tó ń kọ wọ́n bá kú, onílé a wá òmíràn lọ sí Adó tàbí Àkúrẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ tó dára fún ọjà àlòkù ni èyí tó ń sọ ohun tó yẹ kí olùrà yẹ̀ wò fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ọjà náà. Àlòkù ni èyí tí ará ilé lò ṣẹ́kù, tí iná wa àti eruku wa ti bá jà. Tòkunbọ̀ ni èyí tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé. Olùtajà fẹ́ràn ìkejì, nítorí orúkọ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn odi ni, ó sì ń dún bí oríkì. Àmọ́ kò sọ òkun tí ọjà náà là kọjá. Iná Jàpáàn jẹ́ 100 fóòtì, ti Amẹ́ríkà 120, tiwa 230. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 100 nìkan lè jóná lójú ẹsẹ̀ tí a bá kì í bọ iná NEPA. Ìbéèrè tó yẹ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, òkun wo ló ti bọ̀?” Lẹ́yìn náà, ká yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Tòkunbọ̀ Jàpáàn, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, tòkunbọ̀ London: ká máa fi ìlú kún un. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti London nìkan ni iná rẹ̀ bá tiwa mu.

Kí la ó wá pe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀? Ẹni tó bá gbé ìlànà ìwé kalẹ̀ lè dá “akọ-sídì”, torí ẹ̀rọ ń kọ orin. Sọ ọ́ sókè ná: akọ sídì, bí ẹni pé abo rẹ̀ wà níbì kan! Kíkọ orin sórí sídì sì tún jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ̀rọ sídì ni mo fara mọ́. Kò lẹ́wà, àmọ́ kò ṣini lọ́nà.

Inú ẹ̀rọ ni ọgbọ́n wà. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi ẹ̀yà ara sọ nǹkan lórúkọ: abẹ́rẹ́ ní ojú, aṣọ ní etí, ọ̀nà ní ẹnu, àga ní ẹsẹ̀. Gíláàsì róbótó tí àwọn àtúnrédíòṣe ń pè ní léńsì, ojú ẹ̀rọ ni n ó pè é. Ojú lè dọ̀tí. Òwú tí a fi spírítì díẹ̀ sí á nù ún. Ojú lè di bàìbàì nítorí ọjọ́ orí. Ìnùnù kò ran ìyẹn. Àwọn kan a máa yí síkírúù kékeré inú ẹ̀rọ láti fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kó lè ríran títí olùrà á fi délé. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ fọ́. Dọ̀tí, bàìbàì, fọ́: gbogbo wọn ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Léńsì kò lè pè wọ́n jọ, ojú ló lè pè wọ́n.

Láti dán ojú wò, mú àwo méjì dání: àtẹ̀ àti àdàkọ. Àtẹ̀ ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ jáde. Àdàkọ ni èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dà kọ. Àdàkọ kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó àtẹ̀, nítorí náà ojú tó ti ń rẹ̀ lè ka àtẹ̀ geere kó má rí àdàkọ kà. Ojúlówó àti ayédèrú kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ méjì yìí. Ẹjọ́ ni wọ́n ń dá, ayédèrú náà sì lè jẹ́ àtẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká da àìsàn pọ̀. Orin tó fò bọ́ síwájú. Orin tó há ń tún ìró kan náà pè. Bó bá jẹ́ lójú kan ṣoṣo lára àwo kan ṣoṣo, àwo ló họ. Bó bá jẹ́ gbogbo àwo, ẹ̀rọ ni. Àwo àtijọ́ ń ti etí wọ inú, sídì ń ti inú lọ sí etí. Nítorí náà, orin tó kẹ́yìn ni kí o gbọ́ kí o tó sanwó. Bí gbogbo àwo bá ń há ní etí, irin tí ojú ń rìn lórí rẹ̀ ni kí o fura sí.

Pẹpẹ tó ń yọ jáde gba àwo, ahọ́n ni. Bí ahọ́n bá ń lọ́ra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́líìtì rẹ̀ ló dẹ̀. Bẹ́líìtì kò nílò ìtumọ̀ fún ẹni tó ti gbé èlùbọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ rí. Rọ́bà tínńrín ni, kò wọ́n. Ahọ́n tó ń lọ́ra tó ìdí láti ná ọjà wálẹ̀, kò tó ìdí láti sá.

Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sídì ń kó nọ́ńbà 44,100 fún etí ọ̀tún, iye kan náà fún ti òsì: ọ̀kẹ́ méjì àti ẹgbàajì ó lé ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ń sọ wọ́n di ìró, ògbufọ̀ ni orúkọ tó yẹ ẹ́. Síbẹ̀, má jẹ́ kí olùtajà fi ògbufọ̀ gba gbogbo owó ọwọ́ rẹ. Ògbufọ̀ tó mòye kò wúlò nídìí ojú tó fọ́. Bí owó kò bá tilẹ̀ tó, DVD àlòkù náà ń ka sídì.

Ní Ìkẹ́rẹ́ yìí kan náà, yunifásítì BOUESTI, tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀, wà níbẹ̀. Àwọn àtúnrédíòṣe náà wà nígboro. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, kó lọ jókòó tì wọ́n. Kó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́nu wọn: fò, há, họ, dẹ̀, fọ́. Kó wá sọ ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó bá ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ mu. Orúkọ tí kò bá rí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan bá rìn, kó dá a padà sínú ìwé.