Àwọn Obìnrin Marion àti Ìtàn Ìdarí Òṣìṣẹ́ Lákòókò Àyípadà

Ilé iṣẹ́ kan tó ń rán pìjámà ní Marion, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán púpọ̀ wò nínú ohun tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ń kọ́ lónìí nípa kíkó òṣìṣẹ́ la àyípadà kọjá. Harwood Manufacturing Corporation ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ láti abúlé orí òkè tó yí ìlú ká. Ọ̀gá pátápátá wọn, Alfred Marrow, kàwé nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, ó sì ké sí Kurt Lewin, onímọ̀ ẹ̀ka náà, ní 1939. Júù ni Lewin. Ó ti sá kúrò ní Jámánì nígbà tí Hitler gbàjọba ní 1933.

Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé bí wọ́n bá ti yí ọ̀nà iṣẹ́ padà díẹ̀, iye aṣọ tó ń jáde á já wálẹ̀, àwọn mìíràn á sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ẹni bá ṣe pọ̀ tó lowó rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Ẹyọ 60 ní wákàtí kan ni òṣùwọ̀n iṣẹ́. Nínú 100 tí wọ́n bá gbé sẹ́nu iṣẹ́ tuntun, 38 péré ló ń padà dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fún wọn ní owó ìrànwọ́. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ tuntun máa ń pẹ́ kí ó tó mọ́ ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ lára ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́, ọkàn wọn ló ti kúrò nídìí rẹ̀.

Lester Coch, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, àti John French, tó bá Lewin ṣiṣẹ́, pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Àwọn 18 tó ń lọ aṣọ ti máa ń to aṣọ mẹ́fà mẹ́fà lé páálí pẹlẹbẹ. Wọ́n ní kí wọ́n máa tò ó sínú àpótí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pè wọ́n jọ, wọ́n kéde owó tuntun, wọ́n dáhùn ìbéèrè, ìpàdé tú. Ni ìjà bá dé. Wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n ń ráhùn pé owó náà kò tó, bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó tilẹ̀ ṣojúure sí wọn díẹ̀. Láàárín 40 ọjọ́, 17 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti lọ. Iṣẹ́ àwọn tó kù kò kúrò ní nǹkan bí 50.

Fún àwọn ẹgbẹ́ yòókù, wọ́n gbé aṣọ méjì tó jọra jáde, ọ̀kan ti 1946, èkejì ti 1947. Owó ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì. Wọ́n ní kí wọ́n tọ́ka sí èyí tí owó rẹ̀ kéré. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa dídín ìnáwó kù. Àwọn 13 tó ń ká aṣọ yan aṣojú láti dá sí ètò àyípadà náà. Ẹgbẹ́ méjì tó ń yẹ aṣọ wò, ènìyàn 7 nínú ọ̀kan, 8 nínú èkejì, dá sí i, gbogbo wọn, àbá sì ń tú jáde débi pé ó nira fún akọ̀wé láti kọ ọ́ bá wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹgbẹ́ méjì yìí ti padà sí ipò wọn, wọ́n sì fi nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí láti kékeré yóò tètè lóye èyí.

Lójú tèmi, ohun tó tẹ̀lé e ló lágbára jù. Lẹ́yìn oṣù méjì ààbọ̀, wọ́n kó àwọn 13 tó kù lára àwọn tó ń lọ aṣọ lọ sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n dá sí ètò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n pè ní olóríkunkun wọ̀nyí tètè mọ iṣẹ́ náà, ìjà sì tán.

Lewin kú ní 1947. Ìròyìn Coch àti French jáde ní 1948. Ìpele mẹ́ta tí Lewin là sílẹ̀, yíyọ́, yíyí àti dídì, ni àwọn ìwé nípa ìdarí àyípadà ń mẹ́nu bà jù, àti ìpele mẹ́jọ tí John Kotter gbé jáde ní 1995. Ó dùn mí pé àwọn obìnrin Marion kì í sí nínú ìtàn náà.

Nígbà tí French àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún dán ọ̀nà jíjẹ́ kí òṣìṣẹ́ dá sí ètò yìí wò ní ilé iṣẹ́ bàtà kan ní Norway, iṣẹ́ kò pọ̀ sí i. Àlàyé tí wọ́n ṣe nínú ìròyìn 1960 ni pé ohun tí wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ dá sí kò fi bẹ́ẹ̀ kan iye bàtà tó ń jáde. Ṣùgbọ́n Marrow kò padà lẹ́yìn ọ̀nà náà. Ní 1962, Harwood ra Weldon, ilé iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń figagbága, tó ń pàdánù owó nígbà náà, ó sì mú ọ̀nà yìí débẹ̀. Nígbà tó fi di 1964, Weldon ti ń jèrè.