Ohun tí Omi Bò àti Ohun tí Omi Kò Bò: Adágún Lanier àti Ìdáàbòbò Ìtàn Etí Omi

Ìfáárà

Nígbà tí àsìkò ooru bá dé sí Atlanta, ìtàn kan a máa bá a dé. Wọ́n ní ìlú àwọn aláwọ̀ dúdú kan tí ó ń jẹ́ Oscarville wà lábẹ́ Adágún Lanier, pé ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ da omi bo ìlú náà mọ́lẹ̀, àti pé àwọn òkú ibẹ̀ ni ó ń fa àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ìlú yìí, níbi ayẹyẹ àti níbi ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tí ó ń sọ ọ́ a sì máa fi kún un pé kò yẹ kí ọmọ ẹni lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà lọ́rùn rẹ̀.

Òtítọ́ wà nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n ibi tí ó gbé òtítọ́ ọ̀hún sí ni kò tọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe omi ni ó lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní Oscarville. Ènìyàn ni ó lé wọn, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti lọ kí omi tó dé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí a bá fẹ́ dáàbò bo ohun àjogúnbá tí ó wà ní etí adágún yìí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí omi bò àti ohun tí omi kò bò.

Ilẹ̀ náà kí omi tó dé

Adágún Lanier wà ní àríwá-ìlà-oòrùn Atlanta, lórí odò Chattahoochee. Àwọn Cherokee ni ó ni ilẹ̀ tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a rí wúrà ní agbègbè Dahlonega ní nǹkan bí ọdún 1829, ojú àwọn aláwọ̀ funfun kò kúrò lára ilẹ̀ náà mọ́. Ní ọdún 1832, ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia fi tẹ́tẹ́ pín ilẹ̀ Cherokee fún àwọn aláwọ̀ funfun, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì dá Káúńtì Forsyth sílẹ̀. Ní ọdún 1838, àwọn ọmọ-ogun fi tipátipá kó àwọn Cherokee tí ó kù lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, lílé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ náà.

Ètò ìkànìyàn ọdún 1910 ka aláwọ̀ dúdú 1,098 ní Forsyth, èyí tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ará káúńtì náà. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ń ro oko olóko, àwọn kan sì ní ilẹ̀ tiwọn. Wọ́n ní ilé ìjọsìn wọn káàkiri. Oscarville fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú ńlá. Abúlé àgbẹ̀ ni, tí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ ń gbé àyíká rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912, wọ́n rí ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan, Mae Crow, nínú igbó lẹ́bàá Oscarville. Wọ́n ti lù ú lálùbolẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó kú. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, àwọn jàǹdùkú ya wọ ẹ̀wọ̀n ìlú Cumming, wọ́n wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Rob Edwards, jáde, wọ́n pa á láìsí ìgbẹ́jọ́ kankan, wọ́n sì so òkú rẹ̀ kọ́ ní gbàgede ìlú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, ìjọba yẹgi fún àwọn ọ̀dọ́langba méjì, Ernest Knox àti Oscar Daniel, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kí a tó pa àwọn méjèèjì yìí ni ìdẹ́rùbà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn agẹṣin òru ń sun ilé ìjọsìn, wọ́n ń yìnbọn sí ilé onílé, wọ́n ń pàṣẹ pé kí ilẹ̀ má ṣe mọ́ bá ẹni tí ó bá jẹ́ dúdú níbẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku aláwọ̀ dúdú kan ní káúńtì náà. Àwọn kan ta ilẹ̀ wọn ní ọ̀pọ̀. Àwọn mìíràn kò rí àyè tà á rárá: aládùúgbò ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí ilẹ̀ náà, títí tí ilẹ̀ fi di tirẹ̀. Patrick Phillips, tí ó dàgbà sí Forsyth, ti to ìtàn yìí lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé rẹ̀, Blood at the Root, tí ó jáde ní ọdún 2016.

Bí adágún náà ṣe dé

Ọdún 1946 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí dáàmù Buford. Ní oṣù Kẹta ọdún 1950, àjọ Army Corps of Engineers, ẹ̀ka ọmọ-ogun tí ń bójú tó dáàmù àti odò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Omi kún dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ ní ọdún 1959. Wọ́n fi orúkọ akéwì Sidney Lanier, ẹni tí ó jagun fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó fẹ́ pa oko ẹrú mọ́, sọ adágún náà. Ilẹ̀ tí ìjọba rà lé ní éékà 50,000, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé kúrò. Wọ́n hú òkú nínú àwọn itẹ́ òkú tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì tún wọn sin sí orí òkè.

Lójú ìlànà ìdáàbòbò tòní, iṣẹ́ náà dé ṣáájú òfin. Ọdún 1966 ni òfin tí ó ní kí àjọ ìjọba ro ti àwọn ibi ìtàn kí ó tó kọ́ ohunkóhun jáde, ọdún 1979 ni èyí tí ó mú kí ìjìyà híhú ohun àtijọ́ lórí ilẹ̀ ìjọba láìgbàṣẹ le sí i. Síbẹ̀, wọn kò dákẹ́ pátápátá. Lábẹ́ ètò Smithsonian fún àwọn àfonífojì tí omi fẹ́ bò, awalẹ̀pìtàn Joseph Caldwell wa òkìtì Summerour ní Forsyth ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Òkìtì tí àwọn ará àtijọ́ fọwọ́ mọ ni, ó ti wà níbẹ̀ kí aláwọ̀ funfun kankan tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Òkìtì náà wà lábẹ́ omi lónìí. Ní ọdún 1996, Thomas Pluckhahn padà sí ohun tí Caldwell kó jọ, ó sì tẹ àpilẹ̀kọ jáde lé e lórí. Omi gba òkìtì, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò jẹ́ kí ó parun.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú dáadáa. Kí a tó lè gbé òkú kúrò lọ́nà omi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ibojì náà pé, “Bàbá mi nìyí.” Níbi tí kò bá sí òkúta lórí ibojì, ìmọ̀ àwọn ọmọ olóògbé nìkan ni ó kù. Àwọn tí a lé ní ọdún 1912 kò sí nítòsí láti nàka. Ibí yìí ni ìwà ibi ọdún 1912 àti iṣẹ́ ọdún 1950 ti pàdé: àkọ́kọ́ kó ẹlẹ́rìí lọ, èkejì sì bá ilẹ̀ tí kò ní ẹlẹ́rìí.

Ìdí tí ìtàn tí ó ṣì fi léwu

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó burú nínú rẹ̀ bí àwọn ènìyàn bá so ìbànújẹ́ méjì pọ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò jẹ́ kí a gbàgbé. Èsì mi pín sí mẹ́ta.

Èkíní, omi kò ní orúkọ, a kò sì lè pè é lẹ́jọ́. Àwọn tí ó gba ilẹ̀ ní orúkọ. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó orí wà, ẹni tí ó bá fẹ́ kà wọ́n lè tọ ọwọ́ tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà kọjá. Ẹni tí ó gbà pé ìsàlẹ̀ omi ni gbogbo rẹ̀ wà kò ní ṣí ìwé wò.

Èkejì, ìtàn náà sọ alààyè di òkú. Àwọn tí a lé kò rì. Wọ́n sá lọ sí Gainesville, sí Atlanta àti sí ibòmíràn, wọ́n bímọ, wọ́n sì kọ́lé. Bí a bá sọ wọ́n di iwin inú omi, a ti gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn.

Ẹ̀kẹta, ó bo ìtàn orí ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1987, Hosea Williams kó àwọn olùwọ́de lọ sí Forsyth, wọ́n sì sọ wọ́n lókùúta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí ẹgbàá mẹ́wàá ènìyàn padà lọ. Bí Oscarville bá ti wà lábẹ́ omi láti ìgbà náà, kí ni wọ́n ń dí lọ́nà lórí ilẹ̀ gbígbẹ?

Nígbà tí ọ̀dá dá ní ọdún 2007, tí omi fà sí nǹkan bí ogún ẹsẹ̀ bàtà, àwọn ènìyàn lọ wo ohun tí yóò hàn. Lára ohun tí ojú rí ni àwọn ìjókòó oníkọnkéré ti pápá ìsáré ọkọ̀ kan, Looper Speedway, lẹ́bàá Gainesville. Ohun ìtàn ni èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìtàn ẹnu sọ.

Kainji: ìlú tí omi bò ní tòótọ́

Ó yẹ kí a fi èyí wé ọ̀ràn kan tí ó súnmọ́ ilé. Láàárín ọdún 1964 sí 1968, wọ́n kọ́ dáàmù Kainji sórí odò Ọya ní Nàìjíríà. Omi rẹ̀ bo Bussa àtijọ́, olú ìlú kan láàárín àwọn Bàrìbá, aládùúgbò Ọ̀yọ́ láti ayébáyé. Itòsí Bussa yìí ni Mungo Park kú sí ní ọdún 1806. Ó lé ní ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn tí ìjọba kó kúrò lọ́nà omi.

Ìpàdánù ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ kó lọ sí Bussa Tuntun ni, pẹ̀lú orúkọ ìlú wọn, oyè wọn àti ọdún Gani wọn. Omi bo Bussa, síbẹ̀ Bussa wà. Omi kò bo gbogbo Oscarville, síbẹ̀ àwùjọ aláwọ̀ dúdú rẹ̀ kò padà sípò. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá kì í ṣe bí omi ṣe jìn tó. Ohun tí a bi àwọn ènìyàn ni: ṣé a kó wọn lọ pọ̀, ni àbí a tú wọn ká?

Ìkádìí

Ìdáàbòbò ìtàn etí omi ju kí a ṣọ́ òkìtì àti àfọ́kù ìkòkò lọ. Ní Lanier, ohun tí ó wà nínú ewu jù lọ wà lórí ilẹ̀: ìwé ilẹ̀, orúkọ ọmọ ìjọ tí ilé ìjọsìn wọn jóná, ibojì tí kò ní òkúta nínú igbó tí ilé tuntun ń wọ̀, àti ìrántí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ àwọn tí a lé. Ní ọdún 2021, wọ́n gbé àmì ìrántí Rob Edwards kalẹ̀ ní Cumming, níbi tí ẹni tí ń kọjá lọ lè ti ka orúkọ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rere ni.

Àwa tí a wá láti òkèèrè, tí a ń mu omi adágún yìí ní Atlanta, ní ipa tiwa. Nígbà tí ìtàn náà bá tún bá ooru dé, ẹ má ṣe pa ẹni tí ń sọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó parí rẹ̀, kí ẹ wá fi ọdún, orúkọ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ tì í lẹ́yìn.