Ọmọ Tí B àti D Ń Dà Láàmú

Kò sí súkúù tí irú ọmọ yìí kò sí. Ojú rẹ̀ ríran, etí rẹ̀ gbọ́ràn, ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí ẹ bá pa àlọ́ fún un, á ti túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé síwájú rẹ̀, ó tán. Ní Osooro níbí, láti Ìlútitun dé Igbotako, orúkọ kan ṣoṣo la ní fún un: olódo. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa o. Òdo tí tíṣà kọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ la sọ di orúkọ ọmọ ènìyàn.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò tètè mọ̀ ọ́n. Rudolf Berlin, dókítà ojú ní Jámánì, ló mú orúkọ náà, dyslexia, jáde ní 1887, ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tí àìsàn ọpọlọ gba ìwé kíkà lọ́wọ́ wọn ló sì ń sọ. Ní November 1896 ni dókítà kan ní Seaford, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó ń jẹ́ Percy. Percy kọ orúkọ ara rẹ̀, “Precy” ló kọ, kò sì mọ̀ pé òun ṣì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó fi 867 sọ 749 di púpọ̀, kíá ló ṣe é, ó sì tọ́. Tíṣà rẹ̀ sọ pé bó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni ì bá já fáfá jù ní súkúù náà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn tó odindi ìwé kan.

Nílé wa ńkọ́? Kí súkúù tó dé, ọmọ bẹ́ẹ̀ ń dẹ̀gbẹ́, ó ń pẹja, ó mọ ìtàn ìdílé lórí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun kan ń ṣe é. Ní ọjọ́ 17 January 1955, ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, Òkìtìpupa sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tó 460,000 ní 1954 di èyí tó lé ní 800,000 lọ́dún kan. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kún kíláàsì, ta ni yóò jókòó ti ẹyọ ọmọ kan tí lẹ́tà ń sá fún? Pàṣán ló yá jù.

ABD tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, wàhálà ni fún ọmọ yìí. Ṣebí b àti d tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, wọ́n sì dà bí ẹnì kan àti òjìji rẹ̀ nínú dígí: ọ̀kan kọ ikùn sọ́tùn-ún, èkejì kọ ọ́ sósì. Ẹ wá fi ti Ìkálẹ̀ kún un. Ọmọ wa ń fọ ìró kan tí a máa ń kọ ní gh, èyí tí kò sí nínú ABD súkúù. Ó dé inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó bá gh níbẹ̀, àmọ́ nínú “rough” ó di f, nínú “though” kò tilẹ̀ dún! Kí lọmọ fẹ́ ṣe? Yorùbá sàn fún un, torí b tiwa, b náà ni níbi gbogbo.

Ọmọ àbúrò mi kan ní Ìjù-Odò ni mo ti rí i. Bàbá rẹ̀ ti ń wá ọ̀gá mẹ́káníìkì tí yóò fi í sí lọ́dọ̀. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì kò burú o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í ṣe ìjìyà. Àbúrò mi bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó fún un lọ́dún kan sí i.”

Ọ̀nà tí a gbà kì í ṣe tuntun. Samuel Orton, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú ọmọ báyìí ní 1925. Anna Gillingham àti Bessie Stillman sì là á sílẹ̀ fún àwọn tíṣà ní àwọn ọdún 1930: kí ojú rí lẹ́tà, kí etí gbọ́ ọ, kí ọwọ́ kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi da iyanrìn sórí àtẹ. B nìkan, fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìka ń fà á nínú iyanrìn, ẹnu ń pè é, bàtà, bàbá, bẹ́ẹ̀dì. A kò fi d hàn án títí b fi jókòó. Ogún ìṣẹ́jú lálaalẹ́, kò sí ẹgba, kò sí “ṣé o ò rí àbúrò rẹ ni?” A kò ra awò ojú, torí kì í ṣe àìsàn ojú. A kò sì wá aṣebi kiri, torí ó máa ń bá ìdílé rìn. Nígbà tí mo sọ èyí, bàbá ọmọ náà dákẹ́ títí. Ó wá ní òun náà, òun kò tíì ka lẹ́tà kan parí rí láyé òun. Ìwé kẹta ni ẹgba ti lé òun kúrò ní súkúù. Kò dárúkọ mẹ́káníìkì mọ́.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ní súkúù St. Stephen's, Mọ́dákẹ́kẹ́, wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe torí dyslexia ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ta ló nílò rẹ̀ tó ọmọ tí lẹ́tà ń dà láàmú? Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́; ní November 2025 wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iyanrìn orí àtẹ kò gba àṣẹ Àbújá.

Ọmọ náà ti wà ní ìwé karùn-ún. Ìka rẹ̀ ṣì ń tọ ìlà bó bá ń kàwé. A lọ bá tíṣà rẹ̀, ó sì gbà láti máa ka ìbéèrè sí i létí, kó fi àkókò díẹ̀ kún un fún un. Ní ìṣirò, ipò kẹta ló gbà ní táàmù tó kọjá.