Sítíárìn Ìjàpá Tó Ti Dẹ̀

Sítíárìn tó ti dẹ̀ ni èyí tí awakọ̀ yóò yí, tí táyà iwájú kò ní tètè gbọ́. Ọwọ́ á kọ́kọ́ rìn nínú òfìfo kí táyà tó yà. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún fì sósì, awakọ̀ á sì máa fa á padà láìsinmi. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára wọn ni Volkswagen Beetle, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá.

Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Ìjàpá ní 1938. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní 30 oṣù Keje, 2003, nígbà tí iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí wọ́n ń tò níbẹ̀ wá láti Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe ọkọ̀ kan náà ní Fusca.

Oríkèé tó wà láàárín ọwọ́ awakọ̀ àti táyà kò kéré. Ọ̀pá sítíárìn sọ̀ kalẹ̀ dé orí rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì sítíárìn. Nínú gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1961, irin kan wà tí wọ́n gé yí po bíi sìkúrù, róólà kékeré kan sì ń rìn nínú ilà rẹ̀. Róólà yìí ló ń yí apá irin tó ń ti táírọ́ọ̀dù méjì. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, nítorí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni gíábọ́ọ̀sì wà. Orí mẹ́rin ni táírọ́ọ̀dù méjèèjì ní. Lẹ́yìn wọn ló kan oríkèé tó gbé táyà dúró, àti bẹ́árìn inú rẹ̀. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jẹ lè má ju bín-ín-tín lọ, ṣùgbọ́n tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lè di àlàfo ìka mẹ́ta létí sítíárìn.

Síbẹ̀, sìkúrù tó wà lórí gíábọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí. Ó rọrùn láti dé: tí a bá gbé táyà àpamọ́ kúrò nínú búùtù iwájú, ìdérí kékeré kan ló kù. Wọ́n á fún un le, àlàfo á dín kù, oníbàárà á sanwó, á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àṣà yìí ló yẹ kó kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ṣe gíábọ́ọ̀sì náà kó má ní àlàfo rárá nígbà tí táyà bá kọjú síwájú gan-an, kó sì ní díẹ̀ tí a bá yà. Nítorí pé ojú tààrà ni ọkọ̀ ń wà jù, àárín irin yẹn ló ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó bá fi ipá fún sìkúrù láti bo àlàfo tó wá láti ibòmíràn mọ́lẹ̀, ó ń fi róólà lọ irin nìyẹn. Sítíárìn kò ní padà sí àárín fúnra rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn kọ́nà, èyí sì léwu ju àlàfo tí wọ́n fẹ́ mú kúrò lọ.

Àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣíwájú, ènìyàn méjì ló sì ń ṣe é dáadáa. Táyà á wà nílẹ̀, ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀, á máa mi sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹnì kejì á máa fi ìka kan oríkèé kọ̀ọ̀kan láti orí rọ́bà títí dé táyà. Ibi tí apá kan bá ti ń mì tí èkejì sì dúró, ibẹ̀ ló ti jẹ. Lẹ́yìn èyí, a ó fi jáàkì gbé iwájú sókè, a ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, a ó sì mì í. Tó bá ń mì, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tẹ bíréèkì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìn ni. Tí kò bá dúró, oríkèé tó gbé táyà ni kí a wò: bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn oṣù Kẹjọ 1965, kinpíìnì àti búṣìn rẹ̀ nínú èyí tó ṣáájú. Kinpíìnì ń fẹ́ gíríìsì lóòrèkóòrè. Ibi tí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, irin ti jẹ irin.

Bẹ́árìn kì í ṣòro. Nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló ní àrà tirẹ̀: òdìkejì ló ń yí, nítorí náà ẹni tó bá rò pé òun ń tú u lè máa fún un le sí i. Wáyà tó ń ka eré ọkọ̀ náà gba àárín ibẹ̀ kọjá, kí a má gbàgbé láti dá a padà. Orí táírọ́ọ̀dù tó ti jẹ kò ní àtúnṣe. A ó pààrọ̀ rẹ̀ ni. Kí a ka iye yíyípo tí ti àtijọ́ fi jáde kí tuntun lè dúró síbi kan náà, lẹ́yìn náà kí ọkọ̀ lọ ṣe aláíǹmẹ́ǹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà tuntun á jẹ kíákíá. Tó bá jẹ́ rọ́bà orí gíábọ́ọ̀sì ni a pààrọ̀, wáyà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń gbé iná họ́ọ̀nù kọjá. Bí a kò bá dá a padà, họ́ọ̀nù kò ní dún.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti le dáadáa ni sìkúrù gíábọ́ọ̀sì tó kàn. A ó gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, a ó yí sítíárìn ní ìdá mẹ́rin yíyípo kan sí òsì. A ó tú nọ́ọ̀tì tó di sìkúrù mú, a ó dẹ sìkúrù náà ní yíyípo kan, a ó sì wá fún un padà díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ á fi mọ̀ pé róólà ti kan irin. Ibẹ̀ ni ó parí. A ó di sìkúrù mú kó má yí, a ó fún nọ́ọ̀tì, a ó sì tún un wò ní apá ọ̀tún. Àlàfo tó bá kù létí sítíárìn kò yẹ kó ju íǹṣì kan lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń jọ àlàfo tí kì í ṣe òun. Sọ́ọ̀kì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táírọ́ọ̀dù ń gba gbígbọ̀n mọ́ra, kì í mú àlàfo kúrò. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ lásán ti náwó lásán. Afẹ́fẹ́ táyà náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, nítorí náà iwájú ń fẹ́ nǹkan bíi 16 sí 18 psi, ẹ̀yìn sì ń fẹ́ 24 sí 27. Tí fọkanáísà bá fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iye kan náà, ọkọ̀ á máa fì bí ẹni pé sítíárìn ti bàjẹ́.

Ìjàpá 1302, tó jáde ní 1970, àti 1303 tó tẹ̀lé e ní apá irin kan sí i ní ẹ̀gbẹ́ kejì gíábọ́ọ̀sì, búṣìn inú rẹ̀ sì máa ń jẹ. Àwọn 1303 tó jáde láti nǹkan bí 1975 kò lo gíábọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ mọ́ rárá: irin gbọọrọ eléyín ló ń ti táírọ́ọ̀dù. Ní ti àwọn yòókù, bí a bá fún sìkúrù bó ṣe yẹ, tí àárín ṣì dẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ sì ti ń le jù, irin inú gíábọ́ọ̀sì ti jẹ tán. Gíábọ́ọ̀sì mìíràn ni kí wọ́n wá.