Kọnkéré Tí Kò Ní Yanrìn àti Àgbàrá Òjò Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún 2007, ọ̀pọ̀ onílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ọ̀nà tí wọn yóò fi kọ̀ fún un. Ènìyàn 13 kú, omi sì ya wọ ilé àti ibi iṣẹ́ tó tó nǹkan bí 55,000. Nínú ìwádìí tí Sir Michael Pitt darí, èyí tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, ó hàn pé odò tó kún bo bèbè kọ́ ni ó fa èyí tó pọ̀ jù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjàǹbá náà ló ti ọwọ́ òjò tó rọ̀ sílẹ̀ tí kò ríbi rì sí, tí gọ́tà kò sì lè gbé mì.

Ta ló dí ilẹ̀ lẹ́nu? Ìjọba àti àwọn tó ń ṣe ọ̀nà jẹ nínú ẹ̀bi náà, ṣùgbọ́n àwọn onílé fúnra wọn kò mọ́. Koríko àti òdòdó ló máa ń wà níwájú ilé wọn tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń hú u, tí wọ́n ń da kọnkéré sí i láti fi gbé ọkọ̀ sí. Bí ẹnì kan bá ṣe é, kò hàn. Bí gbogbo àdúgbò bá ṣe é, ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni omi ń gbà lọ.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2008, ìjọba là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ iwájú ilé rẹ̀ ju ìwọ̀n skúẹ́à mítà 5 lọ, pẹ̀lú ohun tí omi kò lè gbà kọjá, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Bí omi bá lè rì gba inú ohun tó tẹ́, tàbí tó dorí kọ ibi tí koríko wà, kò nílò ìyọ̀ǹda kankan.

Ọ̀kan nínú ohun tí òfin yìí fàyè gbà ni kọnkéré tí a kò fi yanrìn sí. Kì í ṣe ohun àjèjì níbẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí bíríkì àti àwọn tó ń mọ ọ́n wọ́n, òun ni wọ́n fi ṣe ògiri ilé púpọ̀ nílẹ̀ náà, torí pé sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ló ń jẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sókè, ní Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ gidigidi, wọ́n gbé e wálẹ̀ láti ara ògiri, wọ́n fi tẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Òkúta wẹ́wẹ́, sìmẹ́ǹtì àti omi nìkan ni wọ́n ń pò. Nítorí pé kò sí yanrìn tí yóò dí àárín òkúta, ihò a máa kó ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Omi á gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú òkúta tí wọ́n tò sísàlẹ̀, á dúró, á sì máa rọra rì sínú ilẹ̀.

Àmọ́ ó ní àléébù. Ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà a máa dí ihò náà. Bí a kò bá fọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi dà bí kọnkéré yòókù. Ọkọ̀ ńlá sì lè fọ́ ọ.

Òfin ọdún 2008 náà kò kan ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ni kò padà sẹ́yìn. Ẹni tó ti da kọnkéré bo iwájú ilé rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, òfin yìí kò mú un.